Ẹ gbà mí o: òṣìṣẹ́ 11 ti lọ ní bẹ́kẹ́rì mi lọ́dún yìí, kí ni ìwádìí sọ nípa bí wọ́n ṣe ń mú òṣìṣẹ́?

Alhaja_Oníbúrẹ́dì (Gàá Àkàǹbí, Ìlọrin)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á fún mi. Mo ní bẹ́kẹ́rì kan níbí, òṣìṣẹ́ 19 la jẹ́ tó bá pé, àmọ́ kì í pé. Látìgbà tọ́dún yìí ti bẹ̀rẹ̀, 11 ti lọ, mo gba òmíràn, òmíràn náà tún lọ. Àwọn tó kù ńkọ́? Aago 5 àárọ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í po fúláwà, ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń yọ́ wọlé ní 6 kọjá. Mo wá fi owó ìtanràn sí i, ₦500 fún ẹni tó bá pẹ́. Wàláì, ńṣe ni pípẹ́ wá pọ̀ sí i! Ẹnì kan tiẹ̀ kó ₦1,000 fún mi lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí n bá òun kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Búrẹ́dì tó ń jóná tún wà ńlẹ̀, tí mo bá ní ta ló jó o, kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi bíi pé àlùjọ̀nnú ló ń bá wa wo ààrò.

Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ní kí n lọ ka ìwádìí, pé ọ̀rọ̀ HR, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń mú òṣìṣẹ́, ti di sáyẹ́ǹsì. Mo gbìyànjú, gírámà wọn le ju búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé èèyàn, èwo ló ń mú iṣẹ́ dáa lóòótọ́, èwo ni ariwo?

Bọ̀dé_Málété

Alhaja ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yìí gan-an ni mò ń kà fún masters, torí náà ẹ má bínú tí mo bá pọ̀ lẹ́nu.

Ohun tí ₦500 yẹn dá sílẹ̀, àwọn kan ti rí irú ẹ̀ rí. Uri Gneezy àti Aldo Rustichini ló wádìí ẹ̀ nílùú Haifa ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2000. Ilé ìtọ́jú ọmọ 10 ni wọ́n lò, àwọn òbí máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá mú ọmọ wọn nírọ̀lẹ́. Wọ́n fi owó ìtanràn sí mẹ́fà nínú wọn. Kàkà kí pípẹ́ dín kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì! Wọ́n wá yọ owó náà kúrò, pípẹ́ ò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá pẹ́, ojú á máa tì í, á máa bẹ àǹtí tó ń dúró ti ọmọ. Ìgbà tówó dé, ìtìjú kúrò ńbẹ̀, ó di ọjà. Ẹni tó kó ₦1,000 fún yín yẹn, Alhaja, ó ti ra àárọ̀ méjì lọ́wọ́ yín, ẹ sì ti tà á.

Gbogbo ìwádìí HR yẹn, tẹ́ ẹ bá fún omi ara ẹ̀ dànù, ìbéèrè mẹ́ta ló ń bi. Ṣé òṣìṣẹ́ yẹn mọ iṣẹ́ ọ̀hún ṣe? Ṣé ó wù ú ṣe? Ṣé ẹ fún un láyè àti irinṣẹ́ tó máa fi ṣe é? Eileen Appelbaum àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló jẹ́ kí mẹ́ta yìí gbajúmọ̀ ní 2000. Ìtanràn yín, ìkejì nìkan ló fẹ́ fọwọ́ kàn, ẹ ò sì tíì bi wọ́n léèrè ìkẹta rárá.

Ọ̀dọ́_Táńkẹ̀

😂😂😂 ẹni tó san àsansílẹ̀ ìpẹ́! Ẹ má lé ẹni yẹn o Alhaja, olóòótọ́ èèyàn ni

Àgbà_Sẹkitéríàtì

Ẹ jẹ́ kí àgbà fi kiní kan sí i. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Lọ́dọọdún la máa ń kọ ìwé APER, ìwé tí ọ̀gá fi ń díwọ̀n ọmọ iṣẹ́. Ẹ mọ bá a ṣe ń kọ ọ́? Ọmọ iṣẹ́ á kọ ti ara ẹ̀, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, gbogbo wa á jẹ́ "dáadáa gan-an", a sì máa padà sílé. Mi ò rí ẹnì kan tí ìwé yẹn mú kó túbọ̀ ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo gbọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà náà ti ń ju tiwọn nù, ẹ̀rín ló pa mí. Ẹ̀yin ọmọdé, ṣé òótọ́ ni?

Bọ̀dé_Málété

Òótọ́ ni bàbá. Adobe pa àyẹ̀wò ọdọọdún tiwọn rẹ́ ní 2012. Microsoft náà, lóṣù November 2013, wọ́n jáwọ́ nínú ètò tí máníjà gbọ́dọ̀ fi to àwọn èèyàn ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí dandan ni kẹ́nì kan wà nísàlẹ̀ bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ ṣe dáadáa. Ẹ fojú inú wò ó ní bẹ́kẹ́rì, tẹ́ ẹ bá ní dandan kí ẹnì kan gbẹ̀yìn lóṣooṣù, ta ló máa kọ́ ẹlòmíì níṣẹ́?

Èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti Kluger àti DeNisi ní 1996. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí tó wà nípa sísọ fún òṣìṣẹ́ bó ṣe ń ṣe sí jọ. Lápapọ̀, ó ń ranni lọ́wọ́. Àmọ́ ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbà tí iṣẹ́ bà jẹ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀! Ọ̀rọ̀ tó bá lọ sórí iṣẹ́ ló máa ń wúlò, èyí tó bá lọ sórí èèyàn gan-an ló ń bà á jẹ́. "Fúláwà yìí ò tíì wú tó, fún un ní ogún ìṣẹ́jú sí i", ìyẹn á ṣiṣẹ́. "Orí ẹ ò pé, bí bàbá ẹ náà ṣe rí nìyẹn", á pa á lára, títí dọ̀la ni inú ẹ̀ á máa ro ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní ráyè ro fúláwà.

Alhaja_Oníbúrẹ́dì

Hmmm. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, mo ti sọ ọ́ rí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kí Ọlọ́hun foríjì mí.

Ọmọ_Alófì

Ẹ ǹlẹ́ ńbẹ̀ o. Bàbá mi alófì ni, bàbá tiwọn náà alófì ni, níbí nínú Ìlọrin. Ohun tí mo fẹ́ bi Alhaja ni pé báwo lẹ ṣe ń gba èèyàn síṣẹ́? Torí lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́, bàbá mi kì í bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ńṣe ni wọ́n máa ní kó jókòó ti òfì, kó máa ká òwú, kó so èyí tó já. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bàbá á ti mọ̀. Èyí tí ẹnu ẹ̀ dùn bí oyin, tí ìyá ẹ̀ fi adìẹ bẹ̀ wá, tí kò bá lè so òwú tó já, wọ́n á dá a padà tòun ti adìẹ ẹ̀.

Alhaja_Oníbúrẹ́dì

Bí mo ṣe ń gba èèyàn? Ẹni wa á ní "Alhaja, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí ò ríṣẹ́". Mo máa ní kó wá. Mo máa bi í bóyá ó ti ṣe bẹ́kẹ́rì rí, á ní ọdún mẹ́ta. Ó parí.

Bọ̀dé_Málété

Bàbá Ọmọ_Alófì ò ka ìwé Schmidt àti Hunter, àmọ́ wọ́n jọ rí nǹkan kan náà 😀. Àwọn méjèèjì kó ìwádìí 85 ọdún nípa gbígbani síṣẹ́ jọ, ìwé náà jáde ní 1998. Wọ́n fi òǹkà láti 0 dé 1 díwọ̀n bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe lè sọ ẹni tó máa ṣe dáadáa. Kí èèyàn ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ gan-an kẹ́ ẹ wò ó, 0.54, kò sí èyí tó ga tó o. Ìǹtáfíù tí wọ́n ti kọ ìbéèrè ẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè kan náà, 0.51. Iye ọdún tí èèyàn ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí ńkọ́? 0.18. Kí wọ́n máa wo bí ẹnì kan ṣe ń kọ̀wé, 0.02, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ kúkú da owó ẹyọ.

Mo gbọ́dọ̀ sòótọ́ ṣá: ní 2022, Paul Sackett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tún gbogbo ìṣirò yẹn ṣe, wọ́n ní wọ́n ti fẹ́ àwọn òǹkà kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ wálẹ̀. Ìǹtáfíù tí wọ́n ti kọ ìbéèrè ẹ̀ sílẹ̀ yẹn ló wá bọ́ sókè pátápátá, ní 0.42. Òǹkà ń yí padà bí ìmọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Àmọ́ "ọdún mẹ́ta ni mo ti ṣe bẹ́kẹ́rì", ìsàlẹ̀ ló wà nínú méjèèjì.

Lébìrà_Àná

Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà sọ tiẹ̀ o, ọ̀gá nìkan kọ́ ló ń tẹ fóònù. Mo ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń ṣe píọ̀ wọ́tà, mi ò ní dárúkọ wọn. Iye báàgì téèyàn bá dì ni wọ́n ń san. Ẹ̀yin ọ̀gá máa ń rò pé ìyẹn ló dáa jù. Àwa ń yára dì í, kò kàn wá bóyá ó ń jò tàbí kò jò, torí báàgì là ń kà, a ò ka omi. Oníbàárà wá ń dá a padà. Ọ̀gá wá ń yọ owó jíjò lára gbogbo wa lápapọ̀, tó fi mọ́ èmi tí tèmi kì í jò. Mo bá jáwọ́, kí ni mo fẹ́ ṣọ́ra fún mọ́? Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ò san owó títí di ọjọ́ 17, mo bá gba Òmù-Àrán lọ.

Bọ̀dé_Málété

Lébìrà, ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ máa kọ́ wa ní kíláàsì. Ìwádìí tó lókìkí jù lórí owó iye-iṣẹ́ ni ti Edward Lazear, ó wò Safelite, ilé iṣẹ́ tó ń pààrọ̀ gíláàsì mọ́tò ní Amẹ́ríkà. Láàárín 1994 sí 1995, wọ́n kúrò lórí owó wákàtí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ní iye gíláàsì téèyàn bá fi sí mọ́tò. Iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ sókè ní 44%. Bí ìdajì ẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn kan náà túbọ̀ ń yára, èyí tó kù, àwọn tó mọṣẹ́ gan-an ló ń dúró, tí irú wọn sì tún ń wọlé. Owó táwọn òṣìṣẹ́ ń mú lọlé náà fi nǹkan bíi 10% lé.

Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń gbàgbé ni ti gíláàsì tó bá fọ́. Wọ́n mọ ẹni tó fi sí i, òun fúnra ẹ̀ ló máa padà lọ tún un ṣe, wọn ò ní tún san owó míì fún un. Ohun tí ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà yẹn ò ṣe nìyẹn, wọ́n ka báàgì, wọn ò mọ báàgì ta ló jò. Tẹ́ ẹ bá máa sanwó lórí iye, ẹ gbọ́dọ̀ lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ní bẹ́kẹ́rì, ìyẹn le, ẹnì kan ló pò ó, ẹlòmíì ló gé e, ẹlòmíì ló fi sí ààrò. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀, Alhaja, bó ti wù kí 44% dùn létí.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà

Ẹ kú àṣálẹ́ o, láti Ọ̀fà, ìlú ìjàkadì, àmọ́ ọ̀rọ̀ ni mo bá wá, mi ò wá jà 😄. Alhaja, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì tó jóná tí kò sẹ́ni tó mọ̀ yẹn ló mú mi. Amy Edmondson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ló ṣe ìwádìí kan nílé ìwòsàn láàárín 1990 sí 2000. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣe dáadáa kì í ṣi oògùn fún aláìsàn. Ohun tó rí yí i lórí: wọ́ọ̀dù tí ọ̀gá wọn dáa, tí wọ́n gbọ́ra wọn yé, àwọn ló ní àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú ìwé! Ó tún un wò, ó wá rí i pé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàṣìṣe ju àwọn yòókù lọ, àwọn ló ń sọ ọ́ jáde. Níbi tí ọ̀gá ti ń pariwo, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìwé mọ́ tónítóní, aláìsàn ló ń jìyà ẹ̀.

Ní tèmi, mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ méjèèjì. Lábẹ́ mátírọ́ọ̀nù tó máa ń pariwo, ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ta ló jó búrẹ́dì yẹn, Alhaja, wọ́n mọ̀ ọ́n o. Ẹ̀yin nìkan ni wọn ò ní sọ fún.

Ọ̀dọ́_Táńkẹ̀

Kí ni wọ́n sọ nípa kéèyàn máa ṣiṣẹ́ látilé? Àwa tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ náà ń kà á o

Bọ̀dé_Málété

Wọ́n dán an wò ní Ctrip, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn-àjò ní Ṣáínà, láàárín àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà. Àwọn tó ṣe é látilé, iṣẹ́ wọn fi 13% lọ sókè, àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ sì dín kù ní ìdajì. Nicholas Bloom wà lára àwọn tó wádìí ẹ̀, 2015 ló jáde. Ní 2024, wọ́n tún gbé òmíì jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà, òṣìṣẹ́ 1,612, ọjọ́ méjì nílé lọ́sẹ̀: iṣẹ́ ò lọ sókè, kò wálẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń lọ dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lè fi yàrá ẹ̀ yan búrẹ́dì fún Alhaja ṣá, ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀.

Àgbà_Sẹkitéríàtì

Ọmọ mi, o gbìyànjú, àmọ́ mo ní iyèméjì kan. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú òṣìṣẹ́ yìí, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti lówó tẹ́lẹ̀ ni? Ẹni tó yó ló máa ń ráyè ki ìyàwó ẹ̀ ní oríkì. Níbi tí ìjọba ti sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní 2024, tí àpò fúláwà sì wà níbi tó wà, kí ni Alhaja máa fi ṣe HR?

Bọ̀dé_Málété

Bàbá, ibi tó ń dun àwọn onímọ̀ gan-an lẹ tẹ̀ yẹn. Ní 1995, Mark Huselid kó ilé iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 jọ ní Amẹ́ríkà, ó rí i pé àwọn tó ń kọ́ òṣìṣẹ́, tó ń fara balẹ̀ gbani, tó ń sanwó bí iṣẹ́ bá ṣe dáa sí, òṣìṣẹ́ wọn kì í tètè lọ, èrè wọn sì ga jù. Inú gbogbo ayé HR dùn. Àmọ́ ní 2005, Patrick Wright àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wo ẹ̀yìn wò, wọ́n rí i pé ètò HR dáadáa bá èrè ọdún tó ti kọjá mu bó ṣe bá tọ̀la mu. Ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ owó ló bí HR, kó má jẹ́ HR ló bí owó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe wí.

Ìdí nìyẹn tí ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Íńdíà fi ṣe pàtàkì, torí ìdánwò gidi ni. Bloom àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mú àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà lẹ́bàá Mumbai, wọ́n ṣẹ́ gègé, wọ́n gbé agbaninímọ̀ràn fún àwọn kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mélòó kan, wọn ò fún àwọn yòókù tó bẹ́ẹ̀. Kí làwọn agbaninímọ̀ràn wọ̀nyí ṣe? Kì í ṣe idán o bàbá. Wọ́n ní kí wọ́n gbá ilẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, kí wọ́n sì kọ ìdí ẹ̀. Kí wọ́n to òwú sí sẹ́ẹ̀fù kí wọ́n mọ èyí tó wà níbi tó wà. Kí àwọn fọ́mánù máa pàdé láàárọ̀ láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Láàárín ọdún kan, iṣẹ́ lọ sókè ní 17%. Ní 2013 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìgbálẹ̀ àti ìwé kíkọ, ìyẹn ò ju agbára Alhaja lọ.

Ohun kan tún wà ńbẹ̀ tó jọ tilé wa. Wọ́n rí i pé iye ọkùnrin tó wà nínú ìdílé ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ló ń sọ bó ṣe máa tóbi tó. Ìdí ẹ̀ ni pé ọlọ́jà ò fọkàn tán ẹni tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí láti jẹ́ máníjà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tán, ilé iṣẹ́ dúró.

Alhaja_Oníbúrẹ́dì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mẹ́rin ló wà ní bẹ́kẹ́rì mi. Fọ́mánù gan-an, ọmọ àǹtí mi ni. Bọ̀dé, ṣé ilé mi lo gbé sùn ni?

Àgbà_Sẹkitéríàtì

Ẹ má bínú Alhaja. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíì là á yé yín, iléèwé ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, Ìlọrin wa níbí ló wà, èyí tí wọ́n fi sọrí Michael Imoudu tó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì 1945. Mo ti lọ jókòó ńbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan rí. Èmi ò gba gbogbo ohun tí wọ́n sọ gbọ́ o, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé kéèyàn bi òṣìṣẹ́ léèrè kì í ṣe ìtẹríba.

Alhaja_Oníbúrẹ́dì (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5)

Ẹ̀yin ará ilé mo ti dé o, mo ṣèlérí fún Bọ̀dé nínú fóònù pé màá wá sọ bó ṣe ń lọ.

Mo yọ ₦500 kúrò. Mo jókòó pẹ̀lú wọn lẹ́yìn Jímọ̀, mo gbé búrẹ́dì àti wàrà sílẹ̀, mo ní kí ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́? Gbogbo wọn dákẹ́ tíí, bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí obìnrin kan tó ń di búrẹ́dì tó ní, "Alhaja, Sàńgó là ń gbé, kò sí kẹ̀kẹ́ kí aago 5 tó lù." Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ! Mo gbé iṣẹ́ sí 5:45, ẹni méjì ṣì ń pẹ́ ṣá, olówó àsansílẹ̀ wà ńbẹ̀.

Búrẹ́dì tó ń jóná: ilẹ̀kùn ààrò apá òsì ni kì í pa dé dáadáa, wọ́n ń fi igi tì í, wọ́n á wá koná sí i kó lè gbóná tó, ìlà ẹ̀yìn á sì jóná. Ẹni tó ń wo ààrò ti mọ̀ láti ìgbà ààwẹ̀. Mo ní kí ló dé tó ò sọ? Ó ní, "Ẹ máa ní èmi ni mo bà á jẹ́." Wẹ́dà tún un ṣe láàárín wákàtí méjì. Ẹnu mi ò tíì padé látọjọ́ yẹn.

Ìwé tí wọ́n á máa kọ ohun tó bàjẹ́ sí, mo rà á, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n fi gbé tíì. Mo tún ra òmíì. Ti ọmọ àǹtí mi fọ́mánù, ẹ má bi mí ná, ìyá ẹ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀dọ́_Táńkẹ̀

Alhaja ẹ kú oríire. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè iṣẹ́ wà? Àbúrò mi kan wà nílé, ó ti ṣe bẹ́kẹ́rì rí, ọdún méjì

Alhaja_Oníbúrẹ́dì

Mi ò béèrè ọdún. Ní kó wá ní Sátidé, 5:45, kó wá po fúláwà lójú mi. Màá san owó ọjọ́ yẹn fún un, kó má gbé adìẹ wá.